Nígbà tí Mo Jẹ́ Ìyá Bàbá Mi

Títí tí mo fi pé ọmọ ọdún méje, kò sẹ́ni tó nà mí rí. Kì í ṣe pé mo níwà o. Ẹ bi àwọn tó ṣẹ́ kù nínú agboolé wa ní Bẹyẹrunká, wọ́n á sọ fún yín pé ọwọ́ mi kì í kúrò nínú ìkòkò ọbẹ̀ oníkòkò. Ohun tó ń gbà mí lọ́wọ́ ẹgba ni pé èmi ni ìyá bàbá mi. Ta ló máa na ìyá ara rẹ̀?

Oyún oṣù mẹ́fà ni mí nínú màmá mi nígbà tí ìyá bàbá mi kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n bí mi, mo jẹ́ obìnrin, mo sì ní àmì dúdú kan lábẹ́ etí òsì, níbi tí ìyá àgbà ti ní tirẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n sọ mí ní orúkọ tí wọ́n máa ń sọ irú wa, wọ́n sì kí mi káàbọ̀ bí ẹni tó lọ tajà ní Kánò tó padà dé. Bàbá mi, géńdé ọkùnrin tó ń ṣe káfíńtà ní Oríta-mẹ́rin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ó ní, "Ìyá mi, ẹ kú àbọ̀ o." Wọ́n ní mo yán. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá àgbà máa ń yán bí wọ́n bá ń kí i.

Ẹni tí kò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé eré ni. Kì í ṣe eré rárá. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Bí mo bá jí ẹran jẹ, tó gbọ́wọ́ sókè, bàbá àgbà á ti pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ìyá ẹ lo fẹ́ gbá létí un!" Ọwọ́ á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá mi á ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú." Èmi á sì máa jẹ ẹran mi lọ.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, àwọn àgbà ilé ní kó kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga ìnàyìn, wọ́n ro ẹjọ́ náà fún mi látòkè délẹ̀. Màmá mi ti fún mi ní ẹyin sísè méjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sọ ìdí. Mo ní rárá. Bàbá mi bẹ̀ mí títí, ó ní ọmọbìnrin náà níwà. Mo ní rárá. Kò fẹ́ ẹ mọ́.

Yàtọ̀ sí ọjọ́ ẹyin yẹn, màmá mi nìkan ni kò yọ̀ rárá pé mo padà wá. Ìyakọ tó fojú rẹ̀ rí màbo, tó ní ọbẹ̀ rẹ̀ kì í níyọ̀, tó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún nílẹ̀ jù, òun náà ló tún wá gba inú rẹ̀ wọ ayé, tó tún ń mu ọmú rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá ń wẹ̀ mí, kànìnkànìn rẹ̀ kò mọ àánú. Ó máa ń ha mí lẹ́yìn bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, á sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ rọra o, Ìyá. Ṣé ọbẹ̀ níyọ̀ lónìí?" Ọṣẹ á kó sí mi lójú, n ò sì ní mọ èwo ni mo ń sunkún sí nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kékeré ló kàn.

Ìyàwó méjì ni bàbá àgbà ní. Ìyá tó kú ni ìyáálé. Èkejì ni gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ga tó o, tó sì sanra tó o nínú agboolé. Ọdún méjì kí ìyáálé tó kú ni àwọn méjèèjì ti jà nítorí ọmọ odó. Ìyáálé yá ọmọ odó Ìyá Kékeré lò, ó dá a padà ní sísán. Ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ìyá Kékeré ní irọ́ gbuu ni. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n orogún méjì tó ń gbé inú ilé kan náà kò lè dákẹ́ síra wọn pátápátá, iṣẹ́ ilé kò ní jẹ́. Ohun tí àwọn obìnrin ilé wa máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á bá ẹran ọ̀sìn sọ̀rọ̀, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn lè gbọ́. Ewúrẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan á ní, "Ewúrẹ́, sọ fún ẹni tó gbé garawa mi pé mo fẹ́ pọnmi." Ìkejì á ní, "Ewúrẹ́, dá wọn lóhùn pé garawa wọn wà lẹ́yìnkùlé, ojú ni wọn ò fi wò ó." Ewúrẹ́ á máa jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tí mo wá dé, Ìyá Kékeré gbà láìjiyàn pé èmi ni ìyáálé òun. Nítorí náà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìjà kò tíì parí. Ṣé torí pé èèyàn kú ni? Bí màmá mi bá lọ sọ́jà, òun ló ń pọ̀n mí, òun ló ń fún mi lẹ́kọ mu, òun ló ń tẹ́ mi sùn, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ewúrẹ́, sọ fún ìyáálé mi pé wọ́n ti tọ̀ sí mi lẹ́yìn o." Ó ń pọ̀n mí, ó sì ń yàn mí lódì. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ewúrẹ́ ti ń jíṣẹ́.

Bàbá àgbà ló fi gbogbo ara gbà mí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣe, òun ló máa ń fi òwú ya ọnà sí ọrùn agbádá fún àwọn ọlọ́lá Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ. Gbogbo bàbá àgbà ilẹ̀ wa ló ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó òun, àwàdà ni. Ti bàbá àgbà tèmi kì í ṣe àwàdà. Ó máa ń rojọ́ fún mi. Ó ń sọ fún mi pé orúnkún ń dun òun, pé òwú tí wọ́n ń tà báyìí kì í ṣe irú èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ràn mọ́. Ọmọ tó ń wí un, bàbá mi ni. Mo máa ń mi orí.

Bó bá wá di àsìkò àgbálùmọ̀, á ra mẹ́fà, á tò ó sórí ẹní níwájú mi, á jókòó, á máa wò mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, n ò fẹ́ràn àgbálùmọ̀. Kíkan rẹ̀ máa ń jẹ́ kí gbogbo ojú mi fún pọ̀. Ẹlòmíràn á ti rí i pé ẹ̀rí nìyẹn pé kì í ṣe ìyá àgbà, torí ìyá àgbà lè fi àgbálùmọ̀ ṣe oúnjẹ alẹ́. Bàbá àgbà ní rárá. Ó ní ikú ló bà mí lẹ́nu jẹ́, pé díẹ̀díẹ̀ ló máa padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ àgbálùmọ̀ yìí ní ìdí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyá àgbà ti wà lórí ẹní àìsàn, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ní ẹnu òun ń fẹ́ àgbálùmọ̀. Bàbá àgbà ní òun ò ní rán ọmọdé, òun fúnra òun lòun máa lọ. Ó dé Ọjà'ba, ó ra mẹ́fà, ó ń bọ̀. Bó ṣe dé Màpó, èrò ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn olóṣèlú ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. A kò tíì gba òmìnira nígbà náà, ọ̀rọ̀ olóṣèlú ṣì jẹ́ tuntun létí, àwọn èèyàn máa ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣèlérí pé omi ẹ̀rọ máa dé ojúlé kọ̀ọ̀kan ní Bẹyẹrunká. Bàbá àgbà dúró. Ó ní kí òun kàn gbọ́ ibi tí wọ́n máa gbé páìpù gbà ni. Olóṣèlú náà kò tètè dé ìdí páìpù. Ó kọ́kọ́ bú àwọn ọ̀tá rẹ̀, ó sọ ìtàn bàbá rẹ̀, ó kọrin. Nígbà tí bàbá àgbà fi délé pẹ̀lú àgbálùmọ̀ mẹ́fà lápò, wọ́n ti pa ìyá àgbà lójú dé. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa Mùsùlùmí. Omi ẹ̀rọ náà kò sì dé.

Ọdọọdún ló ń sọ ìtàn yìí fún mi, kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Bó bá parí, á tẹ̀ síwájú, á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nígbà tó o wojú ọ̀nà tó ò rí mi, kí lo sọ?"

Mo máa ń yára ki àgbálùmọ̀ bọ ẹnu. Á dúró. Á tún dúró. Á ní, "Kò burú. Ìgbà tó o bá rántí." Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ gbọ́ láyé yìí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú bíbí òun ni obìnrin náà gbé lọ sọ́run.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Ilé Onígbàgbọ́ ni màmá mi ti wá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ tísà. Òkè Bọ́lá ló ń gbé, ó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, ó sì máa ń yà kí wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Inú máa ń bí i bó bá rí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Lọ́jọ́ kan, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ó ní, "oyún oṣù mẹ́fà ni ọmọ yìí nígbà tí Ìyá kú. Ó ti ń tapá, ó ti ń tasẹ̀. Ta ló wá wà nínú ẹ̀ kí Ìyá tó dé ibẹ̀?"

Bàbá àgbà kò gbé ojú kúrò lára agbádá tó ń rán. "Àna mi, ilé tí ẹ háyà ní Òkè Bọ́lá un, ṣé ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ lẹ kó wọ̀ ọ́ ni? Ṣebí ìgbà tí wọ́n kan páànù tán ni."

Tísà gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó kú náà ló ń padà wá, iye àwa èèyàn ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Kí ló wá dé tí Ìbàdàn fi ń kún sí i lójoojúmọ́?"

"Àwọn ará ibòmíì ló ń bọ̀," ni bàbá àgbà wí. Ó fi eyín gé òwú. "Ẹni tó kú sí abúlé, tí wọ́n ní kó yan ibi tó máa padà sí, ṣé abúlé ló tún máa yàn ni?"

Tísà yíjú sí mi, ó ní ká fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ṣé èmi fúnra mi rántí nǹkan kan. Mo rò ó dáadáa. Mo ní mo rántí pé ó máa ń mú bisikíìtì wá fún mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó mú un wá, ojú sì tì í bó ṣe ń nà án sí mi.

Ààwẹ̀ ọdún tí mo pé méje ló ba ayé mi jẹ́. Àsìkò àgbálùmọ̀ ló bọ́ sí. Ààfáà àdúgbò wa máa ń ṣe tàfúsírì, ìtumọ̀ Kùránì, lọ́sàn-án níwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ọkùnrin níwájú, àwa obìnrin lẹ́yìn. Ní kékeré rẹ̀, ilé wa ni ààfáà yìí ti kéwú, ìyá àgbà ló ń bọ́ ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó máa ń bu èso dàbínù wá fún mi, á lóṣòó, á ní, "Ìyá, ẹ má gbàgbé mi nínú àdúrà." Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí Mẹ́kà láti ìgbà náà, ó sì ti gbé ìmọ̀ tuntun dé. Lọ́jọ́ yẹn, ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kú ti wọ sàréè lọ, ibẹ̀ ló máa wà títí di Ọjọ́ Ìgbéǹde, kò sí èyí tó ń yà bọ̀ wá sílé láti wá jí ẹran jẹ. Ó wò mí bó ṣe dárúkọ ẹran. Ó ní ẹni tó bá ń pe ọmọdé ní òkú tó padà wá, oṣù mímọ́ la wà yìí, kó tètè túúbá.

Ìyá Kékeré gbóhùn sókè láàárín àwa obìnrin. "Dàbínù ọjọ́sí ńkọ́?"

Ààfáà wúkọ́. Ó ní sàárà ni.

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ìka pa etí ẹní tó jókòó lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí àyè mi, mò ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá mi kọjá lára mi. Ó padà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ ìkí ni?" Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu débi pé mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé garawa lé mi lórí bíi ti gbogbo ọmọ. Nígbà ìṣínu, mo mú ẹran kan nínú ìkòkò bí ìṣe mi, bàbá mi sì gbé àbàrá kan lé mi lẹ́yìn. Àbàrá ọdún méje ló kó sínú ẹyọ kan yẹn. Mo dúró kí ẹnìkan pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń nà un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Màmá mi ló gbé mi lọ wẹ̀ lẹ́yìn ẹkún náà. Kànìnkànìn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Kò pè mí ní Ìyá. Ó ní, "Yí ẹ̀yìn sí mi, ọmọ mi." Ó dùn mọ́ mi, mo sì tún bínú pé ó dùn mọ́ mi.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì àbàrá náà, mo lọ bá bàbá àgbà láti gba ipò mi padà. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Ó ti lọ ra àgbálùmọ̀ mẹ́fà, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, ó tò ó sórí ẹní, kò sì pè mí.

"Bàbá, ẹ ò ní bi mí ni?"

"Kí n bi ọ́ ní kí ni?"

"Ohun tí mo sọ nígbà tí n ò rí yín."

Ó mi orí. "Ààfáà ní kì í ṣe ìwọ. Ọmọ ni ẹ́. Ọmọ dáadáa sì ni ẹ́." Ó mú àgbálùmọ̀ kan, ó jù ú sínú igbá. "Òun wà ní sàréè, kò lè sọ fún mi. Ìwọ wà níbí, o ò mọ̀ ọ́n. N ò ní gbọ́ ọ mọ́ nìyẹn, àfi lọ́jọ́ tí gbogbo ayé bá jọ dìde, ariwo á sì ti pọ̀ jù lọ́jọ́ náà."

N ò ní parọ́ fún yín: títí di ìgbà náà, ipò mi àti ẹran mi ni mò ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo bàbá yẹn tó ń kó àgbálùmọ̀ padà sínú igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo sọ nínú ara mi pé bí ìyá àgbà kò bá sí nínú mi, ó ní láti wà níbì kan.

Ibi tó wà kò jìnnà. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Ìyá Kékeré nìkan ló wà nínú yàrá nígbà tí ìyáálé rẹ̀ dákẹ́. Kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Kí ni wọ́n fẹ́ bi í? Ẹni tó ti yan aláìsàn lódì fún ọdún méjì, ta ló máa gbà pé ó gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu rẹ̀? Bàbá àgbà náà kò bi í. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rí i pé ẹ̀rù ìdáhùn náà ń bà á, pé ó rọrùn fún un láti bi ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà ìṣínu. Ewúrẹ́ dúró tì í. Ewúrẹ́ ti ìgbà ìjà náà ti kú tipẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jogún iṣẹ́.

"Ewúrẹ́," ni Ìyá Kékeré wí láìgbójú sókè, "bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá."

"Mo fẹ́ mọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo kú."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Ewúrẹ́, dá wọn lóhùn pé ẹni tó jẹ̀bi kì í wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀."

Mo ronú kíá. N ò mọ nǹkan kan nípa ọmọ odó yẹn ju ohun tí wọ́n ń sọ nílé lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́ nílé wa, ọwọ́ mi ni wọ́n máa ń bá a nígbẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀wà. "Ẹ má bínú, Ìyá Kékeré. Ọmọ odó yẹn kò sán tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Igbá ẹ̀wà dà nù. "Mo mọ̀!" Ó ti fò dìde. "Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn! Ọdún mẹ́sàn-án!" Ó pàtẹ́wọ́, ó yí po, ó ń pe àwọn ẹlẹ́rìí tí kò sí nílé, tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ìgbà tó ṣe, ó jókòó sórí odó kan tó dorí kodò, ó fi etí ìró bojú, ó sì bú sẹ́kún. Nígbà tó ṣíjú, èmi ló ń wò, kò wo ewúrẹ́.

"Ìyáálé mi," ó ní, "ṣé torí ọmọ odó lásán la ṣe yan ara wa lódì dọjọ́ ikú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

"Ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ò kàn bá èmi sọ ọ́ ni. Ewúrẹ́ lẹ rán sí ọkọ wa. Mo sì ti búra pé n ò ní jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ewúrẹ́." Ó nu imú. "Kò sì sẹ́ni tó bi mí."

Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí, ó ní kí n sọ ọ́ padà. Ó mú kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ọmọ iléekéú, kó má bàa yingin. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí n máa lọ, òun náà sì tẹ̀ lé mi lẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo dúró níwájú bàbá àgbà, mo fọwọ́ sí ìbàdí. "Bàbá, mo ti rántí. Mo ní, 'Ewúrẹ́, bí bàbá yẹn bá dé, sọ fún un pé mò ń gbọ́ ariwo Màpó láti ibí. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ pè é o. Kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tán. Bí kò bá gbọ́ ọ tán, àwa ló máa máa bi léèrè bó ṣe parí títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára wa.'"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ewúrẹ́?" ó ní.

"Ewúrẹ́, Bàbá."

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ejìká rẹ̀ kọ́kọ́ ń mì kí ohùn tó jáde. "Òun nìyẹn!" ó ní. "Haà! Òun gan-an nìyẹn! Bí ó ṣe máa ń bú mi nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn ará ilé fi sáré jáde, títí omi fi ń dà lójú rẹ̀ sórí agbádá olówó iyebíye tí kò jẹ́ tirẹ̀, n ò sì lè sọ ibi tí ẹ̀rín ti parí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Ààfáà ń kọjá lọ lójú ọ̀nà lákòókò náà. Ó yọjú, ó wo bàbá àgbà, ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣé òótọ́ ni Ìyá Kékeré sọ fún mi? Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá báyìí tí mo ti dàgbà ju ìyá àgbà lọ. Obìnrin tó lè yan ọmọ ọwọ́ lódì, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rárá, kò mọ̀ọ́mọ̀ dá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín sọ rí láyé rẹ̀, ti dàbínù yẹn gan-an, ìbínú ló fi sọ ọ́. Kò lè jẹ́ òun ló hun irú ìyẹn. Ẹlòmíràn ló sọ ọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gba etí ewúrẹ́, ó gba inú orogún, ó gba ẹnu mi, kó tó dé ibi tí wọ́n rán an.

Bàbá àgbà nu ojú tán. Èmi ti ń ronú nípa ẹran ìṣínu ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ló fà mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bi mí ní ohun tí kò bi mí rí.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" ó ní. "Ikú yẹn. Ṣé ó dùn ẹ́?"

Mo wo Ìyá Kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Kò kọ́ mi ní èyí. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wá a nínú ara mi, mo fara balẹ̀ wá a, bí ẹni ń táràrà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ìyá àgbà, kò sí àìsàn, kò sí ikú. Irọ́ tó dùn ti dé ètè mi, ó sì kọ̀ láti jáde.

"Mi ò rántí, Bàbá."

Mo rò pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ó wò mí lójú.

"O ò rántí rárá?"

"Rárá, Bàbá."

"Alihamudulilai," ó ní, ó sì mí kanlẹ̀. "Ohun tó bá dun èèyàn gan-an, kì í gbàgbé ẹ̀."

Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pa ojú dé, kò sì pẹ́ tó fi ń hanrun.